Ìrèké Kọ́ Ló Wà Nínú Ìgò Yẹn

Ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ìpara èyíkéyìí ní ọjà Mọ́níyà, kí ẹ bi wọ́n léèrè nípa glycolic acid. Kí ẹ tó parí ìbéèrè yín ni wọn yóò ti dáhùn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Ara ìrèké ni wọ́n ti ń fà á yọ. Àwọn òyìnbó gan-an ló ń lò ó. Tó bá ń ta yín lójú, ẹ jẹ́ kó máa ta, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn." Mo ti gbọ́ ọ ní Mọ́níyà, mo ti gbọ́ ọ ní Òjóò, mo sì ti gbọ́ ọ nílé níbí ní Ìrókò, lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin tó ń po ìpara nínú yàrá, tí wọ́n ń fi WhatsApp polówó rẹ̀. Àwọn oníbàárà náà ti há ọ̀rọ̀ yìí sórí. Ẹni tó ti rà á ló ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì rà á. Ó ti di òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́: pé ohun tó bá ti ara ewéko wá kò lè pani lára, àti pé ìrora ni ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, irọ́ tó ń ba ojú àwọn obìnrin wa jẹ́ ni.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Mi ò bá glycolic acid fúnra rẹ̀ jà. Bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, ó wúlò. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń pè ní àsìdì èso, òun ló kéré jù, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń wọ inú awọ ara ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òkú awọ tó wà lókè pátápátá lára wa máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Glycolic acid á tú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, òkú awọ á ṣí kúrò, tuntun tó wà lábẹ́ á yọjú. Láti ọdún 1974 tí Eugene Van Scott àti Ruey Yu ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé irú àwọn àsìdì yìí ń ran awọ tó gbẹ tó sì ń pá lọ́wọ́, àwọn dókítà awọ ara ti ń lò ó fún irorẹ́, fún àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀, àti fún ara tó le gbáú. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú hydroquinone, tó jẹ́ pé dídá àwọ̀ dúdú dúró nínú ara ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni èrò pé ibi tí nǹkan ti wá ló ń sọ bóyá ó léwu tàbí kò léwu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìrèké náà. Òótọ́ ni pé glycolic acid díẹ̀ wà nínú omi ìrèké, ó sì wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó àti nínú àjàrà tí kò tíì pọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun méjì tí wọ́n sábà máa ń lò ni fọ́màdíháìdì, ìyẹn èròjà tó wà nínú fọ́málínì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, àti carbon monoxide, gáàsì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó máa ń pa ìdílé tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Wọ́n á pò wọ́n pọ̀ nínú ooru, lábẹ́ ìfúnpá tó lágbára, àsìdì á sì jáde. Kò sí ìrèké kankan nídìí iṣẹ́ náà.

Ṣé èyí wá sọ ọ́ di májèlé? Rárá. Pé wọ́n fi èròjà fọ́málínì ṣe é kò sọ ọ́ di burúkú, bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní di rere nítorí pé wọ́n fà á yọ lára ìrèké. Glycolic acid kan náà ni. Awọ ojú yín kò ní bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Ohun tí awọ ojú yín máa mọ̀ ni bó ṣe le tó, bó ṣe kan tó, àti bó ṣe pẹ́ tó lára yín.

Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa ni wọ́n ń pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún. Àwa ará Ìrókò, tí ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìnkùlé wa! Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ, tí a kò fún, tí a kò yan, lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá? Ewéko ni ẹ̀gẹ́. Láti inú ilẹ̀ ló ti hù. Síbẹ̀ májèlé sáyánáìdì ń jáde nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ nínú èyí tó korò, òun ló sì fà á tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú àti ti láfún fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí wọ́n fi ń di gàrí sínú àpò, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro dànù, kí wọ́n tó gbé e ka iná. Ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí, láti àwọn ọdún 1960 wá, lórí àìsàn kan tó ń bá àwọn ará àdúgbò Ẹ̀pẹ́ jà: ẹsẹ̀ wọn á kú tipiri, wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú wọn á di bàìbàì. Ó tọ ipa àìsàn náà dé ìdí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ àti sáyánáìdì inú rẹ̀. Ìyá tó ń yan gàrí kì í sọ fún oníbàárà pé ara igi ló ti wá, nítorí náà kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ní tútù. Ohun tó fi ń tajà ni iṣẹ́ tó ṣe sí i. Ìbéèrè tí mo ní fún ẹni tó po ìpara náà nìyẹn: kí lo ṣe sí i?

Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn níbi tó ti ń pò ó. Glycolic acid tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míkà sábà máa ń jẹ́ ìdá 70 nínú 100, omi ni ìyókù. Ìdérí ìgò ló fi ń wọ̀n ọ́n: ìdérí mẹ́ta fún ẹni tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdérí márùn-ún fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìgò òróró lónìí, ìgò omi lọ́la, ìdérí wọn kò sì dọ́gba. Kò ní ìwọ̀n. Kò ní ìbọ̀wọ́. Ó fi ṣíbí onígi rò ó pọ̀, ó fi àrọ dà á sínú àwọn ìgò ike kéékèèké, ó sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn: orúkọ òwò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, òdòdó aláwọ̀ àlùkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé náà rẹwà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára rẹ̀ tó sọ ohun tó wà nínú ìgò.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá wọn gíráàmù 100 nínú ìdá 70 yẹn, tí a fi omi kún un títí ó fi pé kílò kan, ìdá 7 nínú 100 la ní. Bí ọwọ́ bá yọ̀ tí ìdajì kílò lọ sí i, ó ti di ìdá 35, èyí tí ó yẹ kó jẹ́ pé dókítà nìkan ló ń fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú aago lọ́wọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kó sì fi ohun tó ń pa àsìdì pa á kúrò lójú aláìsàn. Ìgò kan náà, àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tó tún wá le sí ni pé omi nìkan kò lè rọ àsìdì yìí lójú. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, pH ni wọ́n ń pè é. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà yìí ń lọ sílẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tó wà ní 3 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ohun tó wà ní 4 lọ. Glycolic acid tí a fi omi lásán là di ìdá 7, pH rẹ̀ ń lọ bí 2, ó kan tó omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ tún la èyí náà ní ìlọ́po mẹ́wàá, pH rẹ̀ kò ní gòkè ju nǹkan bí ìdajì ìṣísẹ̀ kan lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò máa fi èròjà tó ń pa kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò, títí yóò fi dé 3.5 tàbí kó lé. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin yẹn bá tilẹ̀ búra fún yín pé ìdá 7 péré ni tòun, tó sì jẹ́ òótọ́, ó ṣì lè jó yín lójú. Nọ́ńbà méjì ló yẹ kó mọ̀. Kò mọ ẹyọ kan.

"Àwọn òyìnbó gan-an ló ń lò ó." Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ní 1998 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń yẹ èròjà ìpara wò ní Amẹ́ríkà gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde: èyí tí ènìyàn yóò máa lò nílé kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ, pH rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 3.5 lọ, ẹni tó bá ń lò ó sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ti àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ara ní ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 lọ, pH kò gbọdọ̀ dín sí 3, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ lára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi omi ṣàn án dáadáa. Ìgbìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 2000: ìdá 4, pH 3.8. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà tún kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra àwọn àsìdì líle tó ń bó awọ, glycolic sì wà lára wọn, láti lò fúnra rẹ̀ nílé láìsí oníṣègùn nítòsí. Àwọn òyìnbó tí ẹ ń fi ṣe ẹ̀rí nìyí. Àwọn fúnra wọn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sára ìgò. Ẹ kò lè gba àsìdì lọ́wọ́ wọn kí ẹ fi ìwọ̀n sílẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "bó bá ń ta yín, ó ń ṣiṣẹ́," nítorí òun ló ń dùn mí jù.

Kí nǹkan rìn wìnnì lójú fún ìṣẹ́jú kan kó sì lọ, ìyẹn kò burú. Kó máa jóni, kó máa tani bí ata, kí ojú wú, ìpalára ni. Awọ ń ké pé kí wọ́n yọ òun. Ẹni tó sì ní awọ dúdú ló ní jù láti pàdánù níbẹ̀, nítorí awọ dúdú kì í gbàgbé ìjóná. Ibi tó bá ti jó, ara á kó àwọ̀ dúdú jọ síbẹ̀, àpá náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sun àgbàdo tà létí títì tó lọ sí Ọ̀yọ́ ní irú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti iwájú orí rẹ̀ ṣú ju ìyókù ojú rẹ̀ lọ, etí àpá náà sì hàn gedegbe níbi tí òwú tó fi ń para dúró sí, lókè ìpéǹpéjú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Nítorí irorẹ́ díẹ̀ ló ṣe rà á. Àárọ̀ ló fi ń para, kó tó lọ jókòó sínú oòrùn, nídìí iná àgbàdo. Wọ́n ní kó fara dà á. Ó fara dà á. Ìpara tí wọ́n tún tà fún un láti fi pa àpá náà rẹ́, mi ò fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ìgò kan ṣe ń bí òmíràn, tí ẹni tí kò ní in lọ́kàn rárá láti bóra fi ń di ẹni tó ń bóra.

Oòrùn yẹn gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ìwádìí tí FDA náwó sí, wọ́n fi glycolic acid ìdá 10 pa ara àwọn ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oòrùn wá ń tètè jó ibi tí wọ́n pa yẹn ní ìdá 18 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi dámọ̀ràn ní 2005 pé kí àwọn tó ń ṣe irú ìpara bẹ́ẹ̀ máa kọ ìkìlọ̀ oòrùn sára rẹ̀: kí ẹni tó ń lò ó fi aṣọ bora, kó lo ìpara tó ń dènà oòrùn, kó sì máa ṣọ́ra bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó bá ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń gun mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì lèyí o. Kí ni ká wá sọ fún ẹni tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, tàbí ẹni tó ń sá láfún sórí àpáta ní ọ̀sán gangan? Nínú gbogbo ìgò tí mo ti yí wò ní ọjà wa, mi ò tíì rí èyí tí àwọn tó ń po ìpara níbí kọ "alẹ́ nìkan" sí lára.

Ẹ wá wo ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní ọṣẹ glycolic, èyí tó ń tà jù báyìí. Eérú la fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, eérú èèpo kòkó, eérú imọ̀ ọ̀pẹ; eérú ló sì ń mú kí pH rẹ̀ lọ sókè dé 9 tàbí 10. Bí àsìdì bá wọ inú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Glycolic acid á di iyọ̀ lásán tí kò lè ṣí òkú awọ kankan kúrò. Ẹni tó bá da àsìdì sínú ọṣẹ dúdú kò fi nǹkan kan kún ọṣẹ náà, ó kàn ba ọṣẹ tó dára jẹ́ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá fi "ọṣẹ glycolic" wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ wá rí i pé ara yín ti ń pupa, kì í ṣe glycolic ló ṣe é, kì í sì í ṣe eérú kòkó. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn kò sọ fún yín. Ó lè jẹ́ hydroquinone. Ó lè jẹ́ mẹ́kúrì, èyí tí àwọn dókítà ní Nairobi ti rí láti 1972 pé ó ń ba kíndìnrín àwọn obìnrin tó ń fi ìpara rẹ̀ para jẹ́, tí Nàìjíríà náà sì ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé Minamata lòdì sí i ní 2018. Lábẹ́ orúkọ ìrèké àti eérú ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Ìwúlò tí ọ̀rọ̀ "ti ara ewéko" ní fún wọn nìyẹn: ẹni tó bá gbà á gbọ́ kì í béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Àsìdì kan náà yìí ní iṣẹ́ mìíràn tí kò kan ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ń pèsè awọ ẹran, wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ aró ní ilé iṣẹ́ aṣọ, wọ́n fi ń pa ìpatà irin, wọ́n fi ń ha símẹ́ńtì tó gbẹ mọ́ irinṣẹ́, wọ́n sì fi ń fọ kànga ẹ̀rọ tí ìdọ̀tí ti dí lójú. Òun náà ni ìpìlẹ̀ òwú tí dókítà fi ń ránni tó máa ń yòrò fúnra rẹ̀, èyí tó ti wà láti nǹkan bí 1970. Níbi iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ìrèké. Lára kẹ́ẹ̀gì ìdá 70 náà ni àwòrán kan wà nínú àmì pupa onígun mẹ́rin: nǹkan ń kán sórí ọwọ́ ènìyàn, ó sì ń jẹ ọwọ́ náà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú ni wọ́n fi ń ṣí i. Inú omi ni wọ́n ń da àsìdì sí, wọn kì í da omi lé àsìdì. Wọn kì í jẹ́ kó pàdé omi ìfọṣọ tó ń sọ aṣọ di funfun, nítorí gáàsì tó máa ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá ta sí ojú, omi ni wọ́n á máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n tó gbéra lọ sí ọsibítù.

Láti inú kẹ́ẹ̀gì dé inú ìgò, àsìdì náà kò yí padà. Ìkìlọ̀ ló já bọ́ lọ́nà. Kódà àwọn kan ń rọ èyí tó ṣẹ́ kù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ọmọ bá gbé e mu, á jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á di kíkan, ara rẹ̀ á sì sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ohun tó máa ń dì sínú kíndìnrín.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní àwọn ìyá wa kò kọ nǹkan kan sára ọṣẹ wọn, ara wa sì dán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá wa ń pò, àwọn ìyá tiwọn ti pò ó ṣáájú, wọ́n mọ eérú tó le àti èyí tó rọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń dán an wò. Ẹni tí ọṣẹ bá jó mọ ilé ẹni tó ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. A sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gba kẹ́míkà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á. Ní 1990, àwọn ọmọ kú ní Ìbàdàn yìí àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi tí májèlé diethylene glycol wọ inú rẹ̀. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ. Ẹni kan ló ra kẹ́míkà lọ́wọ́ ẹni kan, orúkọ tí wọ́n pè é ló gbà, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló sì ṣe bẹ́ẹ̀, ká tó wá sọ ti yàrá kan ní Ìrókò.

Wọ́n á tún ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń jẹun nídìí òwò yìí. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kò sí, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá oúnjẹ. Ohun tí mò ń béèrè kò ju ìwọ̀n kékeré kan, bébà pH àti bírò lọ. Ẹni tó bá lè ra òdòdó sára ìwé pélébé lè ra bébà pH. Lẹ́yìn náà kó gba ọ̀dọ̀ àjọ NAFDAC lọ, nítorí òfin ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun ìpara tí a ń tà gbọ́dọ̀ ní èròjà inú rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára. Bí wọ́n bá sì sọ pé ìyẹn nira fún ẹni tó ń gbé abúlé, pé dókítà awọ ara jìnnà, UCH ni ẹni tó wà ní Ìrókò yóò lọ, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n, mo gbà. Nítorí pé dókítà jìnnà gan-an ló ṣe yẹ kí ìgò náà sọ òtítọ́. Ẹni tó wà nítòsí dókítà lè fara mọ́ àṣìṣe. Àwa kò lè fara mọ́ ọn.

Àwọn kan sì wà lódì kejì, tí wọ́n gbọ́ "àsìdì" tí wọ́n ní kí ìjọba fòfin de gbogbo rẹ̀. Ní 2023 ni ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, sọ pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó glycolic acid mọ́ mẹ́kúrì nínú àpò kan náà, àwọn tó ń ta mẹ́kúrì ni a ṣe lóore. Mẹ́kúrì kò ní ìwọ̀n tó dára fún ojú ẹnikẹ́ni. Glycolic ní in, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1998.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Ìrókò, ní Mọ́níyà, àti ní gbogbo Akínyẹlé: bí wọ́n bá tún na ìgò yẹn sí yín, ẹ má bi wọ́n níbi tó ti wá. Ẹ bi wọ́n pé ìdá mélòó ni. Ẹ bi wọ́n ní pH rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n pò ó. Bí wọ́n bá dáhùn dáadáa tí ẹ sì rà á, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí abẹ́ apá fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ lò ó lálẹ́, ní ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi kan ojú ọgbẹ́ tàbí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ẹ dé akẹtẹ̀ tàbí kí ẹ fi ìborùn bo ojú lọ sóko. Bó bá jó yín, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì fi í pa ara mọ́. Èyí tó bá lé ròrò, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Èyí tí ẹ sì ti rà sílé tí kò ní nọ́ńbà kankan lára, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ gba owó yín.